Húngárì: Ilẹ̀ tí Ìjọba Ti Ń Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ní orílẹ̀-èdè Húngárì, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọdún 1870 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń ka gbogbo olùgbé ilẹ̀ náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, tí wọ́n ń béèrè ọjọ́ orí, èdè àti ohun mìíràn nípa ìdílé kọ̀ọ̀kan. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1980, nǹkan bí mílíọ̀nù 10.7 ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 2022, mílíọ̀nù 9.6 ni wọ́n bá. Ogun kò jà láàárín ìgbà méjèèjì, ìyàn kò sì mú. Láti ọdún 1981 ni iye àwọn tó ń kú lọ́dọọdún ti ń ju iye àwọn tí wọ́n ń bí lọ.

Mo wà ní ọjọ́ orí tí ìbéèrè kan ṣoṣo ti ń tẹ̀lé mi dé gbogbo òde àríyá: "Ìgbà wo la ó jẹ ìrẹsì tìrẹ?" Bí wọ́n bá sì jẹ ìrẹsì náà tán, mo mọ ìbéèrè tó kàn. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtàn àwọn ará Húngárì fi wọ̀ mí lára nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Níbẹ̀, ìjọba ti dara pọ̀ mọ́ ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n ìyá láti béèrè ìbéèrè yìí, ó sì ń fi owó ti ìbéèrè rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ lórí owó, ó yẹ kí a mọ àwọn tí wọ́n ń kà gan-an.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní èdè Magyar

Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ ó rí i pé orílẹ̀-èdè méje ló yí Húngárì ká. Èdè ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí i Slofákíà, Sérbíà, Kroatíà àti Ukréìn, jẹ́ mọ̀lẹ́bí ara wọn. Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ ní Ọ́stríà, èdè Románíà sì bá ti Ítálì àti Faransé tan. Èdè Húngárì, tí àwọn tó ni ín ń pè ní magyar, kò bá ọ̀kankan nínú wọn tan. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni èdè Fínlándì àti ti Ẹ́stóníà, tí wọ́n jìnnà sí i gan-an. Àwọn tó sún mọ́ ọn jù lọ ni èdè Khanty àti Mansi, tí ìwọ̀nba ènìyàn ń sọ ní Siberia, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní nǹkan bí ọdún 895 ni àwọn baba ńlá wọn gun ẹṣin dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí àwọn òkè Carpathian yí ká, tí wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀.

Nítorí pé ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ ìbátan ni mo kọ́kọ́ wá nínú èdè wọn, ohun tí mo rí sì dùn mọ́ mi. Bí ará Húngárì bá ń dárúkọ ọmọ ìyá rẹ̀, ó sábà máa ń sọ ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ. *Bátyám* ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, *nővérem* ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, *öcsém* ni àbúrò mi ọkùnrin, *húgom* sì ni àbúrò mi obìnrin. Ọ̀rọ̀ tó kó gbogbo wọn pọ̀, *testvér*, wá láti inú *test*, èyí tí í ṣe ara, àti *vér*, èyí tí í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìyá àgbà ni *nagymama*, ìyẹn ìyá ńlá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tọ́ka sí ẹnì kan, *ő* ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin bákan náà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń lo "ó" láìbéèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

Èdè náà tún ní àǹkóò fáwẹ̀lì. Nínú ilé ni *házban*, nínú ọgbà sì ni *kertben*. Fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ ló ń pinnu èyí tí àfòmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò mú. Ẹni tó bá ti kíyè sí bí "ẹ" àti "o" kì í ṣeé gbé pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́. A kò bá wọn tan o, èdè wa àti èdè wọn kò sì pàdé rí. Èdè ni ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ nawọ́ sí bí a bá béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, nítorí náà ni mo ṣe kọ́kọ́ dúró lórí rẹ̀.

Orúkọ tó ń sọ ibi tí ènìyàn ti wá

Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú ní Húngárì. Ẹni tí ayé mọ̀ sí Béla Bartók, ọ̀gá nínú iṣẹ́ orin, Bartók Béla ni nílé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn orúkọ ìdílé ni Nagy, tó túmọ̀ sí ńlá. Iṣẹ́ ọwọ́ ló bí àwọn mìíràn: alágbẹ̀dẹ ni Kovács, aránṣọ ni Szabó, ẹni tó ń lọ ọkà ni Molnár.

Ẹ wá wo àwọn tó kù. Horváth túmọ̀ sí ará Kroatíà. Németh ni ará Jámánì. Tóth ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ará Slofákíà láyé àtijọ́. Lengyel ni ará Pólándì, Török sì ni ará Túrkì. Tóth àti Horváth wà lára àwọn orúkọ tó wọ́pọ̀ jù ní gbogbo ilẹ̀ náà, magyar sì ni èdè abínibí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ́ ẹ lónìí. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ ògidì ará Húngárì, kí ó rọra kí orúkọ rẹ̀ má baà já a nírọ́.

Bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti tọpa. Ní 1526, àwọn ọmọ ogun Túrkì ṣẹ́gun àwọn ará Húngárì ní Mohács. Ní 1541 wọ́n gba ìlú Buda, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1686. Ogun, àìsàn àti ìkónilẹ́rú sọ ọ̀pọ̀ abúlé di ahoro. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Túrkì lọ tán, àwọn ọba Habsburg àti àwọn ìjòyè onílẹ̀ kó àgbẹ̀ wọlé láti Jámánì, wọ́n kó àwọn ará Slofákíà àti Sérbíà náà wá, kí igbó tó ti kún inú oko lè di oko padà. Èyí fi hàn pé ìgbà kan ti wà rí tí ènìyàn wọ́n níbẹ̀, àjèjì ni wọ́n sì fi dí àlàfo náà.

Òfin ilẹ̀ Húngárì, láti 1993, mọ ẹ̀yà mẹ́tàlá tó ti pẹ́ níbẹ̀: Roma, Jámánì, Slofákíà, Kroatíà, Románíà, Sérbíà, Slofẹníà, Pólándì, Gíríìkì, Bùlgáríà, Arméníà, Ukréìn àti Rúténì. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti yan ìgbìmọ̀ tiwọn, kí wọ́n sì kọ́ ọmọ wọn ní èdè wọn. Síbẹ̀, àwọn tó pọ̀ jù lọ nínú orílẹ̀-èdè náà ló ń sọ pé Magyar ni àwọn.

Nígbà tí ààlà ṣí kúrò lẹ́bàá ilé

Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn tó wà lábẹ́ adé Húngárì lé ní mílíọ̀nù 18, láìka Kroatíà mọ́ wọn. Àwọn tó ń sọ magyar gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí fi díẹ̀ lé ní ìdajì wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1920, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ààfin Trianon, ní ilẹ̀ Faransé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ Húngárì, ènìyàn tó kù sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́jọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àwọn tó ń sọ magyar ló jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá ara wọn ní orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn.

Ẹ fi ojú inú wo ẹnì kan tí wọ́n bí ní 1910 ní ìlú Ungvár, tí wọ́n ń pè ní Uzhhorod lónìí. Ká ní onítọ̀hún gbé ayé títí di 1992 láìkó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé bàbá rẹ̀, ìjọba orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ì bá ti gbé lábẹ́ rẹ̀: Ọ́stríà òun Húngárì, Czechoslovakia, Húngárì, Soviet Union, àti Ukréìn. Ẹni tó bá mọ ìtàn Kétu àti Ṣábẹ, tí ààlà Faransé òun Gẹ̀ẹ́sì gé kúrò lára àwọn ará ilé wọn, yóò tètè mọ bí èyí ṣe ń dun ni. Títí di òní, nǹkan bí mílíọ̀nù kan àwọn tó ń pe ara wọn ní Magyar ló wà ní Románíà, ó sì lé ní 400,000 tó wà ní Slofákíà. Láti 2011 ni Húngárì ti mú kí ó rọrùn fún irú wọn láti di ọmọ onílùú láìkúrò níbi tí wọ́n ń gbé. Àwọn tó ti gbà á lé ní mílíọ̀nù kan.

Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù náà kò bọ́ lọ́wọ́ àdánù. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje ọdún 1944, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó àwọn Júù tó lé ní 430,000 kúrò ní Húngárì, Auschwitz ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Húngárì fúnra wọn lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Sínágọ́gù ńlá tó wà ní òpópónà Dohány ní Budapest, tó jẹ́ èyí tó tóbi jù lọ ní Yúróòpù, ṣì dúró digbí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké, ilé àdúrà ló kù, àwọn tó ń gbàdúrà nínú rẹ̀ ti tán. Lẹ́yìn ogun náà, láti 1946 sí 1948, ìjọba lé nǹkan bí 200,000 àwọn ẹ̀yà Jámánì jáde. Nígbà tí ọmọ ogun Soviet sì fọ́ ìdìtẹ̀ ọdún 1956 túúká, nǹkan bí 200,000 mìíràn sá lọ sí òkè òkun, àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ nínú wọn. Ọmọ tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ì bá bí sílé, ìlú ẹlòmíràn ni wọ́n bí i sí.

Àwọn tí ìkànìyàn kò rí

Láàárín àwọn ẹ̀yà mẹ́tàlá wọ̀nyẹn, Roma ló pọ̀ jù. Ó ti pé láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti wà ní ilẹ̀ náà. Magyar ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ nílé, àwọn olórin wọn ló sì sọ gòjé di ohun tí àlejò ń retí ní ilé oúnjẹ ní Budapest. Nígbà ìkànìyàn 2011, àwọn tó sọ pé Roma ni àwọn lé ní 300,000. Ní 2022, wọ́n wá sí nǹkan bí 210,000. Àwọn onímọ̀ tó ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò gbà pé iye wọn gan-an ju ìdajì mílíọ̀nù lọ dáadáa.

Ibo ni àwọn yòókù wọlé sí? Ìbéèrè nípa ẹ̀yà kò pọn dandan. Ẹni tó bá wù ló ń dáhùn. Ọ̀pọ̀ ló yàn láti má dáhùn, nítorí wọ́n mọ ohun tí orúkọ náà ń fà. Ní 2013, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg dá Húngárì lẹ́bi lórí ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Roma méjì tí wọ́n fi sí ilé ìwé àwọn ọmọ tí òye wọn kò pé, nígbà tí kò sí ìdí tó yẹ fún un. Bí ìyá kan bá ti rí irú èyí, ṣé ó tún máa fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìkànìyàn kọ Roma sí iwájú orúkọ ọmọ rẹ̀? Nígbà mìíràn, ẹni tí kò jẹ́ kí a ka òun, ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀sìn rí. Ní 2001, ó lé ní ìdajì àwọn ènìyàn tó kọ Kátólíìkì sílẹ̀. Ní 2022, wọ́n ti dín sí nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ ìjọ Calvin sì jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́wàá. Àwọn tí kò dáhùn ìbéèrè náà rárá ló wá pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá 40.

Ta ló ń pinnu iye ọmọ?

Ẹ̀rù pé Magyar yóò tán kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè Ormánság, nítòsí odò Dráva ní gúúsù, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní *egyke*, láti inú *egy*, èyí tí í ṣe ọ̀kan. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í bí ju ọmọ kan ṣoṣo lọ, kí ilẹ̀ ìdílé má baà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ní 1933, akéwì Illyés Gyula kọ̀wé láti ké gbàjarè lórí abúlé tí ń tán lọ báyìí. Ilẹ̀ wà lódidi lóòótọ́. Àrólé ni kò sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìjọba Kọ́múníìsì gbìyànjú láti fi ipá yanjú ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ Ratkó Anna, tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera nígbà náà, ni àwọn ènìyàn fi ń pe ìgbà yẹn. Wọ́n fòfin líle de oyún ṣíṣẹ́, wọ́n sì bu owó orí lé àwọn tí kò bímọ. Ní 1954, ọmọ tí wọ́n bí lé ní 220,000. Nígbà tí òfin náà dẹ̀ ní 1956, iye náà já wálẹ̀. Àwọn ọmọ Ratkó, bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n, dàgbà, wọ́n gbéyàwó, wọ́n sì bí ìran ńlá mìíràn ní àárín àwọn ọdún 1970. Ìran tiwọn yìí kò bí ìran ńlá kẹta. Ibẹ̀ ni okùn náà ti já.

Láti 1967 ni ìjọba ti ń fún ìyá lówó láti jókòó ti ọmọ rẹ̀ nílé, èyí tó wá gùn dé ọdún mẹ́ta. Ní 2019, ìjọba Orbán Viktor gbé ètò tó tóbi ju èyí lọ kalẹ̀. Nígbà náà, tọkọtaya tó ṣègbéyàwó lè yá mílíọ̀nù mẹ́wàá owó forint láìsan èlé bí wọ́n bá bímọ láàárín àkókò tí wọ́n dá. Bí ọmọ bá pé mẹ́ta, gbèsè náà di ìdáríjì. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kò ní san owó orí lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ títí láé. Owó ìrànwọ́ tún wà fún ilé kíkọ́, ó sì wà fún ọkọ̀ oníjókòó méje títí di òpin ọdún 2022.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2010, ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe kò ju nǹkan bí 35,000 lọ. Ní 2021, ó lé ní 70,000. Ní 2011, bí a bá pín ọmọ ká orí àwọn obìnrin, nǹkan bí 1.2 ló ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2021, ó ti gòkè dé nǹkan bí 1.6. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ní 2024, kò tó 1.4 mọ́, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà kò sì tó 80,000, nígbà tí àwọn tó kú lé ní 120,000. Kí ìran tó lè dúró ní iye tó wà, ó yẹ kí ó tó nǹkan bí 2.1.

Èmi rò pé ìdí méjì ló ṣe kókó. Èkíní ni ìṣirò tí owó kò lè yí padà: ọmọbìnrin tí wọn kò bí ní 1990 kò lè di ìyá ní 2020. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tilẹ̀ bí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ìyá fúnra wọn ló ń dín kù. Ìkejì ni pé ìrànwọ́ tó tóbi jù ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti níṣẹ́ tó ń san owó orí, tó sì lè gba ẹ̀yáwó. Owó oṣooṣù tí gbogbo ọlọ́mọ ń gbà, yálà olówó tàbí tálákà, wà lójú kan náà láti 2008 fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ń gbówó lórí. Àwọn tálákà, tí ọ̀pọ̀ Roma wà lára wọn, kò rí ọwọ́ kan náà gbà.

Ilé tó kún fún àgbà

Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ní Húngárì ló ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin ń retí nǹkan bí ọdún 73 láyé, ọmọbìnrin ń retí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80. Nítorí náà, opó pọ̀ gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Debrecen, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ti pọ̀, sọ fún mi pé ìyá arúgbó kan ló ni ilé tí òun gbé. Ọmọ méjì ni ìyá náà bí, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní Vienna, èkejì ní Munich. Láti ìgbà tí Húngárì ti wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004 ni irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ti rọrùn. Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá náà á se ọbẹ̀, á sì kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ mi pé kó wá bá òun jẹun. Ọmọ ọmọ rẹ̀, inú fóònù ló ti ń rí wọn.

Ìjọba mọ iyì irú ìyá bẹ́ẹ̀. Láti 2020, òbí àgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè gba ìsinmi pẹ̀lú owó láti tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ṣì kéré. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, èyí ló yé mi jù, nítorí pé ilé tí ìyá àgbà ti wá wẹ ọmọ ni èmi náà ti jáde wá. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lè ran ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Munich lọ́wọ́.

Àwọn àlejò ń wọlé síbẹ̀ náà: àwọn tó ń gbé Húngárì láìjẹ́ ọmọ onílùú ti lé ní 200,000, láti Ukréìn, Ṣáínà, Vietnam àti ibòmíràn. Ìjọba kan náà tó mọ odi wáyà sí ààlà gúúsù ní 2015 ti ń gba òṣìṣẹ́ láti Éṣíà wọlé, nítorí ilé iṣẹ́ kò rí ọwọ́ tó tó. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Túrkì lọ yóò mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti rin ọ̀nà yìí rí, àti pé ọmọ ọmọ irú àlejò bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ Németh àti Horváth lónìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìtàn àwọn ará Húngárì ti yí ojú tí mo fi ń wo ìbéèrè òde àríyá padà. Wọ́n ti fi òfin dẹ́rù ba ọlọ́mọ níbẹ̀, wọ́n ti fi owó tù ú lójú, síbẹ̀ inú yàrá tọkọtaya ni wọ́n ti ń ṣírò iye tí wọ́n lè tọ́: owó ilé, iṣẹ́ ìyá, àti ẹni tí yóò gbé ọmọ bí ó bá sunkún lóru. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí ẹ bá tún pàdé tọkọtaya tuntun lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, tí ẹnu sì ń yún yín láti béèrè ìgbà tí wọn yóò bímọ, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn ọjọ́ tí ẹ̀yin yóò wá bá wọn wẹ̀ ẹ́.